Kí Ọmọ Wa Tó Yan Ìlú Òjò Dídì, Ibo Ni Yóò Sùn?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá lè fi í bẹ̀rẹ̀ àrokọ. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò fi í dá ẹjọ́ láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi lórí ọ̀ràn òkè gàgàrà àti òjò dídì ilẹ̀ Kánádà.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí ọmọkùnrin náà, ibẹ̀ náà ni ó ti kàwé jáde ní yunifásítì. Nígbà tí ó kàwé tán, dípò kí ó máa wá iṣẹ́ ọ́fíìsì bí bàbá rẹ̀ ti ń retí, ó ní òun ti gba ìwé àṣẹ láti lọ ṣiṣẹ́ fún sáà kan ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe eré síkì ní Kánádà, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Bàbá rẹ̀ fárígá. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe àbúrò mi, sunkún lórí tẹlifóònù. Wọ́n wá ní kí èmi tí mo jẹ́ àgbà, tí mo sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ olùkọ́, bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ó kọ gbogbo èrò ọkàn rẹ̀ sínú ìwé, kí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú mẹ́rin ni ó kọ: Whistler, Banff, Fernie àti Revelstoke. Ó fa ìlà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ bí òkè ibẹ̀ ti ga tó, bí òjò dídì ibẹ̀ ti ń jìn tó, iye ọ̀nà tí wọ́n là fún eré náà, àti irú fàájì tí ń bẹ níbẹ̀ lálẹ́. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ibi tí ó kọ ọ́ sí pé ibo ni òun yóò máa sùn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣírò báyìí láàárín àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun, ìdí sì nìyí tí mo fi mú gègé mi.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ àjò dáadáa. Àwọn ará Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà pọ̀ ní ilẹ̀ Gana títí di ọdún 1969, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn ará Èjìgbò ń bẹ ní Abidjan títí di òní, débi pé èdè Faransé kò jẹ́ ohun àjèjì ní ọjà Èjìgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ ṣe àgbàro ní oko kòkó ilẹ̀ Oǹdó àti ti Ifẹ̀, tí wọn a padà wálé nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ó tó di ẹrù, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ta ni onílé rẹ níbẹ̀?” Wọn kò bi í bóyá odò ibẹ̀ mọ́ gaara, tàbí bóyá òkè ibẹ̀ dára ní wíwò. Onílé ni yóò fi ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí hàn án. Onílé ni yóò mú un lọ rí baálẹ̀, òun ni yóò sọ fún un iye tí wọ́n ń gbà ro igba ebè, òun náà ni yóò sì dúró fún un bí ọ̀ràn bá dé. Ẹni tí kò ní onílé, wọn kì í jẹ́ kí ó lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Rockies, tí ó na tàntàn láti àríwá dé gúúsù. Àwọn òkè mìíràn sì tún tò tẹ̀ lé e títí dé etí òkun Pàsífíìkì. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, òjò dídì a bò wọ́n. Àwọn olówó a wá láti gbogbo ayé, wọn a de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Èyí ni síkì. Àga tí wọ́n so kọ́ okùn irin ni ó ń gbé wọn padà sókè. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró nídìí àga yìí láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ó máa fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì kúrò, kí ó máa di àga mú fún ọmọdé àti arúgbó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ́ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọ abọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yá àlejò ní bàtà àti pákó. Ẹni tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ síkì lè máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Nígbà tí oṣù kẹrin bá ń lọ sópin, òjò dídì a yọ́, iṣẹ́ a tán, oníkálùkù a sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà yìí kò ṣí fún gbogbo ènìyàn o. Ìjọba Kánádà ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè kan pé kí àwọn ọ̀dọ́ wọn máa wá ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì fi ojú rí ayé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn. Ọsirélíà, Írélándì, Faransé àti Japan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 18 sí 35, lè fi orúkọ sílẹ̀, wọn a sì mú nínú wọn bí ẹni ń ṣẹ́ kèké. Ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun ní dọ́là Kánádà 2,500 lọ́wọ́, kí ó sì ní ìnṣọ́ránsì tí yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ kàwé ní Kánádà kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ: láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni òfin fi sílẹ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ìsinmi Kérésìmesì kò sì tó sáà. Ẹni tí ó bá wá sọ fún òbí ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n mú owó wá kí òun bá ọmọ wọn tí ó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan gba ìwé àṣẹ yìí, ẹ yáa sá fún un.

Whistler ni ọmọ náà kọ sókè pátápátá. N kò bá a wí, nítorí bóyá ni a rí ẹni tí ó gbọ́ nípa síkì tí kò gbọ́ orúkọ yìí. Ó tó nǹkan bí 120 kìlómítà sí Vancouver. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí òkè Whistler fún eré náà. Wọ́n ṣí Blackcomb tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1980. Láti 2008 sì ni wọ́n ti fi okùn irin so orí òkè méjèèjì pọ̀, tí àpótí onígíláàsì ń gbé ènìyàn kọjá lókè àfonífojì, ìrìn kìlómítà 4.4. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré síkì orí òkè nígbà Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ọdún 2010. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá lé ọmọ lónìí, ó lè rí òmíràn lọ́la. Ọmọ wa tún ní òun gbọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò le bí ti ibòmíràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ìyókù: ìsàlẹ̀ ìlú náà kò ga ju mítà 675 lọ sí òkun, nítorí náà òjò gidi, irú èyí tí ó ń sá fún ní Lọ́ńdọ̀nù, a máa rọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù kìíní.

Ibùsùn ni kò tó ènìyàn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn olùgbé Whistler kò pé 14,000, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò tí ń rọ́ wọ ibẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ti ra ilé síbẹ̀, wọn a wá sùn nínú rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ lọ́dún, wọn a sì ti ilẹ̀kùn pa. Ìṣòro náà le débi pé ní 1997 ìjọba ìlú dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wá ilé fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú lọ. Ìlú tí ó nílò irú àjọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù pẹ̀lú àpò kan?

Mo mọ ọmọbìnrin kan, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí ó wà ní Manchester, tí ó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú òkè wọ̀nyí láìní ibùsùn. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ilé àgbàsùn tí ènìyàn mẹ́jọ ti ń sùn nínú yàrá kan ni ó wọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ó rí iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrin, gbogbo wa sì yọ̀. Àṣé ẹni tí ó gbà á kò sọ fún un pé iṣẹ́ kì í gbóná títí di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Wákàtí méjìlá péré ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀. Owó tí ó kó lọ ń jò bí omi inú agbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ keje owó tán, ó sì padà sílé ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kì í ṣe owó náà ni ó dun ọmọ jù. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń dúró lórí pákó láìṣubú.

Èmi ò fi Whistler sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tòótọ́ tí ó ti ń gbé ibẹ̀, kí ó máa lọ, ó ti ní onílé.

Banff ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún. Inú igbó ìjọba ni ìlú náà wà, ní ìpínlẹ̀ Alberta, nǹkan bí 125 kìlómítà sí Calgary. Ní 1883 àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta rí orísun omi gbígbóná kan nínú ihò àpáta níbẹ̀. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ín. Ní 1885 ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Títí di òní olónìí, ìjọba ni ó ni ilẹ̀ Banff. Ẹni tí ó bá kọ́lé síbẹ̀, ilẹ̀ yíyá ni ó yá. Òfin kan tún wà tí ó wù mí púpọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìlú náà ṣe ibùgbé àfi bí ó bá ní ìdí tí òfin mọ̀, bíi pé ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ó ń ṣòwò níbẹ̀, tàbí ó jẹ́ ọkọ, aya tàbí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Olówó kò lè ti Toronto wá ra ilé sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó sọ ọ́ di ilé ìsinmi rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ṣé èyí ṣàjèjì sí yín? Ohun tí àwa náà mọ̀ nípa ilẹ̀ ẹbí kọ́ nìyí? Àlejò lè dáko lórí rẹ̀, ó lè kọ́ ahéré, ó lè bímọ síbẹ̀, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lórí ilẹ̀ náà ni ó fi ní ẹ̀tọ́ àtigbé ibẹ̀. Bí ó bá pa oko tì, ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á pé àwọn òyìnbó fi irú òfin yìí pa ìlú wọn mọ́, nítorí àwọn kan náà ni wọ́n kọ́ wa pé ilẹ̀ tí a kò bá lè tà kò wúlò.

N kò sọ pé ilé pọ̀ ní Banff. Ó wọ́n níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n níbi tí òfin ti so ibùgbé pọ̀ mọ́ iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ̀ pé bí àwọn kò bá pèsè ibùsùn, àwọn kò ní rí òṣìṣẹ́. Ilé òṣìṣẹ́ ti di ara ohun tí wọ́n fi ń pe ènìyàn sí iṣẹ́. Òkè síkì mẹ́ta ni ó yí ibẹ̀ ká, Norquay, Sunshine àti Lake Louise, bọ́ọ̀sì sì ń lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè ṣí síbẹ̀ ní 1888 ṣì ń gba àlejò lẹ́ẹ̀rùn àti nígbà òtútù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn tí wọ́n kọ́ tẹ̀ lé e, nítorí náà iṣẹ́ kì í tán níbẹ̀ nígbà tí òjò dídì bá tán. Bí ọkàn ọmọ bá sì fà sí ọbẹ̀ àti èdè wa, Calgary kò jìnnà, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Òtútù ibẹ̀ ni kí ó múra sí. Ní oṣù kìíní ó lè lọ sí dígíríì 30 nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tí ó bá fọ ojú jáde láìnù ún gbẹ yóò rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ dì.

Ọmọ náà dá mi lóhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò tíì wo owó iṣẹ́.” Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Alberta ti fi owó iṣẹ́ tí ó kéré jù sí dọ́là 15 fún wákàtí kan láti 2018. British Columbia, níbi tí ìlú mẹ́ta yòókù wà, gbé tirẹ̀ dé dọ́là 17.85 ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Fún wákàtí ogójì lọ́sẹ̀, 600 ni ọ̀kan, 714 ni èkejì. Dọ́là 114 lọ́sẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, n kò sì jẹ́ pè é ní kékeré níwájú ọmọ tí ó ka ìmọ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó tún un ṣírò pẹ̀lú ibùsùn nínú rẹ̀. Alẹ́ díẹ̀ péré ní ilé àgbàsùn ti jẹ ẹ́ tán. Mo tún ní kí ó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjìlá, kì í ṣe ogójì. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá dé Banff mọ orúkọ onílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Stoney Nakoda, àwọn Blackfoot àti àwọn Tsuut’ina tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1877; lẹ́yìn tí ibẹ̀ sì di igbó ìjọba, wọ́n dí àwọn Stoney Nakoda lọ́wọ́ láti ṣọdẹ níbi tí baba wọn ti ń ṣọdẹ. Ní Whistler, àwọn Squamish àti àwọn Lil’wat ni. Wọ́n ní ilé àṣà tiwọn níbẹ̀ láti 2008, ibẹ̀ ni èmi yóò sì kọ́kọ́ lọ kí wọn bí mo bá dé ìlú náà.

Jasper, tí ó wà lápá àríwá Banff nínú igbó ìjọba mìíràn, ìbá jẹ́ ìkarùn-ún lórí ìwé ọmọ wa. Iná jó ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ìlú náà sì lọ sí i. Nígbà tí onílé fúnra rẹ̀ bá ń wá ilé, kì í ṣe àkókò tí àlejò fi ń kan ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Fernie. Ìlú àwọn awakùsà èédú ni, àwọn olùgbé rẹ̀ lé díẹ̀ ní 6,000 ní ọdún 2021, ó sì tó nǹkan bí 300 kìlómítà sí Calgary. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ yóò dùn mọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ojú ìwé yìí. Wọ́n ní William Fernie, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà, rí ọmọbìnrin Ktunaxa kan tí ó fi òkúta dúdú ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ó mọ̀ pé èédú ni. Ó ní òun yóò fẹ́ ọmọbìnrin náà bí wọ́n bá fi ibi tí òkúta náà ti wá han òun. Wọ́n fi hàn án, ó sì kọ ìyàwó sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà fi àfonífojì náà gégùn-ún. Ní 1902 ihò kùsà tí ó wà nítòsí bú gbàmù, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ní 1908 iná jó gbogbo ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1964 àwọn ará ìlú bẹ àwọn Ktunaxa, wọ́n sì ṣe ètò ní gbangba láti gbé èpè náà kúrò. Títí di òní, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, òjìji kan a máa hàn lára òkè Hosmer bí ẹni tí ó gun ẹṣin. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà àti bàbá rẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá ní àlọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ihò kùsà a máa bú gbàmù láìsí èpè. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó jẹ́wọ́ pé òun jẹ onílẹ̀ ní gbèsè, tí ó sì tẹ́ ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé, n kò lè ní kí ọmọ mi má dé ibẹ̀. Àwọn tí ń wa èédú níbẹ̀ kì í lọ nígbà tí òjò dídì bá yọ́. Ojú kan náà ni ọmọ yóò máa rí ní ọjà, ní ilé ìjọsìn, ní ibi ìfọṣọ, kí oṣù méjì sì tó pé wọn yóò ti mọ orúkọ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò pọ̀, ibùsùn kò pọ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì ti yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí ó jìnnà sí ọ̀gá àkọ́kọ́ tí a óò tọ̀ lọ.

Revelstoke ni mo fẹ́ kí ó yọ kúrò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Òkè síkì ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2007, ni a lè yọ̀ lórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀ jù ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà, mítà 1,713. Kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò tíì gun pákó rí ń lọ kọ́ ọ. Òjò dídì ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ya lulẹ̀ láti orí òkè bí ògiri tí ó wó. Ní oṣù kẹta ọdún 1910, ó bo àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè mọ́lẹ̀ ní Rogers Pass, ní ìlà oòrùn ìlú náà. Ènìyàn 58 ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Japan tí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ àjò. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọmọ ogun Kánádà ti ń gbé ìbọn àgbá lọ síbẹ̀ nígbà òtútù, tí wọ́n ń yìn ín sí òkè kí òjò dídì lè ya lulẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣófo. Nígbà tí wọ́n bá ń yìn ín, ọ̀nà títì ni, ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ kò bọ̀. Kí ọmọ tí ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ronú sí i.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò sọ pé, ṣé nítorí kí ọmọ lè di àga mú fún òyìnbó ni a ṣe rán an lọ sí yunifásítì? Bàbá ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rán an létí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ní oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ fún oṣù márùn-ún kò ba orúkọ ilé jẹ́. Ohun tí ó ń ba orúkọ jẹ́ ni kí ènìyàn tọwọ́ bọ ìwé fún sáà kan kí ó sá lọ ní àárín rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń tilẹ̀kùn mọ́. Èyí ni mo bá ọmọ náà sọ pẹ̀lú ohùn líle. Ìyókù, bíi pé yóò máa pe ọ̀gá tí ó tó bàbá rẹ̀ ní orúkọ láìsí fìlà níbẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù, èmi ni ara mi ń bù.

Mo wá ní kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́, kí ó béèrè bóyá ibùsùn wà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n ní “a ó máa wò ó.” Ènìyàn mélòó ni yóò wà nínú yàrá náà? Èló ni wọn yóò yọ nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù? Wákàtí mélòó ni wọn yóò fún un kí Kérésìmesì tó dé? Ìbéèrè kan wà tí ó ń tijú láti bi wọ́n, èmi ni mo ní kí ó bi wọ́n: bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ mélòó ni ó ní kí ó tó kó ẹrù jáde? Nítorí ilé òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ọ̀gá kan náà ni ó ni iṣẹ́, òun ni ó ni orùlé, ẹni tí ó bá pàdánù èkíní yóò pàdánù èkejì. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ kí ó fi dọ́là 2,500 ti ìjọba pa mọ́ láìfọwọ́ kàn án, kí ó sì ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn méjì ni wọ́n dá a lóhùn kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ilé ìjẹun kan ní Revelstoke yóò gbà á, owó ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ibùsùn di ọwọ́ rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Banff yóò gbà á sí iṣẹ́ ìtẹ́bùsùn, ènìyàn méjì nínú yàrá kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi láìfi èrò tirẹ̀ kún un. Mo dá a lóhùn pé ó ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìdáhùn yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni ó wọ bàálù lọ sí Calgary, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù méjì, gàrí tí ó sọ fún àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi í, àti ìwé ọ̀gá rẹ̀ nínú àpò àyà. Ó ti kọ̀wé sí wa láti Banff. Ibùsùn olókè ni wọ́n fún un. Ẹni tí ó ń sun ìsàlẹ̀ jẹ́ ọmọ Japan, ó ní ó ń hanrun, ṣùgbọ́n ó ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ti ń gun pákó.